Kéèkì òṣùpá àwọn ará Ṣáínà: èwo ni kí ẹ rà, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun kò fẹ́ràn kéèkì òṣùpá, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú èyí tó jẹ àti bó ṣe jẹ ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, odindi kan ló dì mú, tó ń bù jẹ bíi búrẹ́dì, kò mu tíì sí i, kéèkì náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú firíìjì jáde ni. Nǹkan tó wọ̀n tó 185 gíráàmù, tó jẹ́ pé ṣúgà àti òróró ló gba ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, kò lè ṣàì sú ẹni tó bá jẹ ẹ́ báyẹn. Ẹ̀bi kéèkì kọ́.

Yuebing ni wọ́n ń pè é ní Ṣáínà: kéèkì kékeré tó ní èèpo lóde, tí wọ́n sì fi nǹkan mìíràn kún inú rẹ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn ni ọdún rẹ̀, nígbà tí òṣùpá bá yọ rogodo. Ní 2026, ó bọ́ sí 25 September. Ní 2027, 15 September ni. Nígbà tí ọdún bá ku bí oṣù kan ni àpótí rẹ̀ ti máa ń kún ilé ìtajà láti Guangzhou dé Singapore, títí dé Chinatown London àti ti New York. Àwọn oníṣòwò wa tó ń lọ ra ọjà ní Guangzhou lásìkò yẹn mọ̀ ọ́n dáadáa, torí àwọn tí wọ́n ń bá ṣòwò á fi ta wọ́n lọ́rẹ, wọn á sì gbé e délé láìmọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

Ohun tó ń da ènìyàn láàmú ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe oríṣiríṣi nǹkan tí kò jọra. Èyí rọ̀, èyí ń rún wómúwómú. Ẹran gbígbóná wà nínú èyí, fírísà ni èyí ti ń jáde. Inú kéèkì ni àwọn tó ń tà á máa ń polówó. Èrò tiwa ni pé èèpo ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, torí èèpo ló ń pinnu ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ibi tí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, àti bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Orúkọ ìlú tàbí agbègbè Ṣáínà tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n ni a fi pe mẹ́rin àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí.

| Irú | Èèpo | Inú rẹ̀ | Ìgbà tó dùn jù | Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? |
|---|---|---|---|---|
| Guangdong | tín-ín-rín, ó rọ̀, ó ń dán | lotus (hóró ewéko orí omi kan), ẹ̀wà pupa, pupa ẹyin | láti ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn yíyan | kì í sábà sí, àfi nínú wuren (oníhóró márùn-ún) |
| Suzhou | pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, ó ń rún | ẹran tútù, yànmọ̀tí, òdòdó rósì | oníẹran: kó tó tutù | ọ̀rá rẹ̀ wà nínú èèpo |
| Yunnan | ó nípọn, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ | itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ pẹ̀lú oyin | ní lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ | ó wà níbẹ̀ gbangba |
| Chaoshan | pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ | kókò, ẹ̀wà | ọjọ́ tí wọ́n ṣe é | ọ̀rá rẹ̀ wà níbẹ̀ |
| Oníkọ́sítáàdì | ó rọ̀, bọ́tà ló wà nínú rẹ̀ | ẹyin, mílíìkì, bọ́tà | ní lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ | kì í sábà sí |
| Bingpi | ó funfun, ó ń fà, wọn kì í yan án | ẹ̀wà, èso, kirimù | ní tútù, kí wákàtí méjì tó pé | kì í sábà sí |

## Èèpo Guangdong àti èèpo Suzhou

Fúláwà, òróró ẹ̀pà, omi ṣúgà tí wọ́n fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù sè títí tó fi ki, àti omi alikálì díẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí kánún ń ṣe: èyí ni èèpo Guangdong. Kò sí ìwúkàrà nínú rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ó máa ń le, ó máa ń gbẹ, kò sì ní dán. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, òróró inú kéèkì á ti wọ èèpo lára, èèpo á rọ̀, á sì máa dán. Huiyou ni àwọn tó ń ṣe é ń pe àsìkò yìí. Torí náà, bí olùtajà bá ń pariwo pé òwúrọ̀ yìí gan-an ni wọ́n yan kéèkì Guangdong òun, kò tíì tó jẹ. Ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ti Suzhou lòdì sí èyí pátápátá. Oríṣi ìyẹ̀fun pípò méjì ni wọ́n ń ká mọ́ra: ọ̀kan tí wọ́n fi omi àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pò, àti èkejì tó jẹ́ fúláwà àti ọ̀rá nìkan. Wọ́n á fi èkejì sínú èkíní, wọ́n á nà án, wọ́n á ká a, wọ́n á tún nà án. Bí ooru bá kàn án, ìpele ọ̀kọ̀ọ̀kan á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Oníẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù, xianrou yuebing, ni ògo irú yìí. Ní Shanghai, tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìlà àwọn tó ń dúró rà á níwájú Guangmingcun ní òpópónà Huaihai máa ń gùn débi pé ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ohun ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín.

Ìṣòro rẹ̀ ni àkókò. Omi ẹran á máa wọ èèpo láti ìsàlẹ̀, nígbà tó bá fi máa tutù, ìsàlẹ̀ á ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ọ̀rá á sì dì mọ́ ẹnu. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má fi sínú máíkírówéèfù, nítorí èèpo á rọ̀ bí ẹní wọ́n fi omi sí. Ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fi sínú ààrò tó ti gbóná dé 160°C fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Èyí tí wọ́n dì sínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí ẹran inú rẹ̀ sì lè pẹ́ lórí ṣẹ́ẹ̀fù, kò yẹ ní rírà. Orúkọ nìkan ló fi jọ èyí tí wọ́n ń tò sí.

Bí ẹ kò bá fẹ́ràn ohun dídùn, tí ẹ sì ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, oníẹran Suzhou ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ lè fi ránṣẹ́, tí ẹ lè tọ́jú, tí ẹ sì lè gé fún ènìyàn púpọ̀, ti Guangdong ni.

## Lotus gidi àti lotus tí ẹ̀wà kún inú rẹ̀

Lotus jẹ́ ewéko orí omi tó jọ òṣíbàtà. Hóró rẹ̀ ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n sì ń rò lórí iná pẹ̀lú ṣúgà àti òróró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìkòkò mọ́. Lianxianglou ní Guangzhou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1889, ni orúkọ rẹ̀ lókìkí jù fún un.

Oríṣi méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni bailianrong, lotus funfun: wọn kì í jẹ́ kí ṣúgà jóná rárá, ó máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bíi eyín erin, òórùn hóró náà sì máa ń hàn nínú rẹ̀. Ìkejì ni huanglianrong, tí wọ́n kọ́kọ́ yan ṣúgà rẹ̀ títí tó fi pọ́n. Ó ṣú jù, adùn rẹ̀ sì wúwo jù. Funfun la fara mọ́. Òkìkí tí kéèkì oní-pupa-ẹyin méjì ní láàárín àwọn àgbàlagbà Hong Kong jẹ́ ti lotus funfun yìí, kò sì sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Hóró lotus wọ́n, ẹ̀wà funfun kò wọ́n tó o. Ibẹ̀ ni àdàlù ti ń wọlé. Ìlànà GB/T 19855 ti Ṣáínà sọ pé, yàtọ̀ sí ṣúgà àti òróró, ó kéré tán ìdá 60 nínú 100 ohun tó wà nínú kéèkì gbọ́dọ̀ jẹ́ hóró lotus kí wọ́n tó lè pè é ní kéèkì lotus, àti 100 nínú 100 tí wọ́n bá máa sọ pé lotus nìkan ni. Lára páálí, 莲蓉 ni lotus, 纯 tó bá ṣáájú rẹ̀ ni ó jẹ́ lotus nìkan. Bí ẹ bá rí 味 lẹ́yìn rẹ̀, adùn lotus ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe lotus fúnra rẹ̀. Ẹ wo ìwé àwọn èròjà náà: wọ́n máa ń tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù. Tí ẹ̀wà funfun, 白芸豆, bá ṣáájú hóró lotus, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Lẹ́nu, kò ṣòro láti dá mọ̀. Lotus gidi máa ń yọ̀ lórí ahọ́n láìní hóró, ọ̀bẹ sì máa ń kọjá nínú rẹ̀ kí ojú ibẹ̀ jọ̀lọ̀. Èyí tí ẹ̀wà kún inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ó sì máa ń dà bí ìyẹ̀fun díẹ̀. Bí ìkorò bá wà nínú rẹ̀, wọn kò yọ ọ̀mùnú aláwọ̀ ewé tó wà láàárín hóró kó tó di pé wọ́n sè é.

Ẹ̀wà pupa kò ní irú wàhálà yìí. Ó dúdú, ó dùn tààrà, owó rẹ̀ kò pọ̀, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni kí ẹ rà tí ẹ kò bá mọ ẹni tó máa jẹ ẹ́.

## Pupa ẹyin mélòó?

Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni. Pupa rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lò. Iyọ̀ àti ọ̀rá inú rẹ̀ ló ń gba ahọ́n lọ́wọ́ ṣúgà lotus. Ti ẹyin adìẹ kò ní ọ̀rá tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gbẹ.

Ọ̀kan dára nínú kéèkì kékeré tó wọ̀n 50 sí 60 gíráàmù. Méjì ló bá ńlá mu. Mẹ́rin jẹ́ àṣehàn: lotus tó kù nínú rẹ̀ á kéré jù, iyọ̀ á bo gbogbo rẹ̀, owó á sì lé. Àwọn kan á bá wa jiyàn lórí èyí, wọ́n ní bí pupa ẹyin ṣe pọ̀ tó ni ìfẹ́ ẹni tó fúnni lẹ́bùn ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀bùn nìyẹn, kì í ṣe adùn.

Pupa ẹyin tó dára máa ń pọ́n bí òróró pupa, ọ̀rá á máa jáde lára rẹ̀ tí ẹ bá gé e, á sì rún díẹ̀ lẹ́nu. Bí àárín rẹ̀ bá le tí ó sì ń fà, tàbí tí ó bá ṣàwọ̀ eérú ní ẹ̀gbẹ́, ẹyin ti pẹ́ jù tàbí wọ́n yan án jù. Bí òórùn ẹja bá jáde, wọn kò yan pupa ẹyin díẹ̀ kí wọ́n tó fi sínú kéèkì.

## Wuren àti Yunnan, fún ẹni tó fẹ́ iyọ̀ pọ̀ mọ́ dídùn

Kò sí kéèkì òṣùpá tí wọ́n bú tó wuren. Oríṣi hóró márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà àsálà òyìnbó, yànmọ̀tí, hóró àpíríkọ́ọ̀tì, hóró ólífì àti hóró bàrà tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gúsí wa. Ní 2013, àwọn ọ̀dọ́ Ṣáínà sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí wuren jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ kéèkì òṣùpá. A kò bá wọn dá sí i. Ohun tí wọ́n ń bú jẹ́ wuren olówó pọ́ọ́kú, tí àwọn tó ṣe é fi ègé èso tí wọ́n fi ṣúgà rẹ, aláwọ̀ ewé àti pupa, dí ibi tó yẹ kí hóró wà. Wuren gidi máa ń fi hóró hàn kedere lójú ibi tí wọ́n gé, ó ń ta sánsán, ó sì ní iyọ̀ díẹ̀. Ẹ fi imú gbọ́ ọ kí ẹ tó jẹ ẹ́: òróró hóró máa ń bà jẹ́ kíákíá, òórùn rẹ̀ á dà bí ti ẹ̀pà tó ti pẹ́. Ẹni tí hóró kì í bá lára mu kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án. Ẹni tí eyín ń dùn náà, ẹ fi sùúrù jẹ ẹ́.

Ti Yunnan ni yuntui. Itan ẹlẹ́dẹ̀ Xuanwei, tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ tí wọ́n sì gbẹ, ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi oyin àti ṣúgà pò. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń fọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ ní tútù, ọ̀rá rẹ̀ á dì. Ẹ fi sínú ààrò 150°C fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́fà, òórùn ẹran gbígbẹ náà á jí. Láàárín àwọn tí kì í fẹ́ràn ohun dídùn, òun àti oníẹran Suzhou ló ń díje. Suzhou borí tí ẹ bá wà níwájú ààrò wọn. Ibi yòówù mìíràn, Yunnan borí, torí kò ní bà jẹ́ lọ́nà.

## Oníkọ́sítáàdì àti bingpi

Kì í ṣe kọ́sítáàdì oníyẹ̀fun àgbàdo tí a ń pò láàárọ̀ là ń sọ. Ẹyin, bọ́tà, mílíìkì àti pupa ẹyin oníyọ̀ ni wọ́n ń sè pọ̀. Ní 1986 ni ilé oúnjẹ Spring Moon nínú hòtẹ́ẹ̀lì The Peninsula, Hong Kong, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Kékeré ni, bọ́tà wà nínú èèpo rẹ̀, adùn rẹ̀ kò wúwo tó ti lotus. Láti mú un yá, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nínú máíkírówéèfù tó. Tó bá jẹ́ liuxin, èyí tí inú rẹ̀ ń ṣàn, ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀, yóò bẹ́, yóò sì jó yín lẹ́nu.

Bingpi ni èyí tí wọn kì í yan. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tó ń lẹ̀ ni wọ́n sè tí wọ́n fi ṣe èèpo rẹ̀, ó sì funfun bí ẹ̀kọ mímu. Ilé búrẹ́dì Taipan ti Hong Kong ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti 1989. Inú fírísà ló ń gbé. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ sínú firíìjì fún wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó jẹ ẹ́. Bí ẹ bá gbé e sí gbangba láti yọ́ kíákíá, yóò làágùn, èèpo á sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí ó bá sì ti yọ́ tán, ẹ má dá a padà sí fírísà, èèpo á le, á sì sán. Òtútù máa ń dín adùn kù lórí ahọ́n, ìdí nìyẹn tí inú bingpi fi ń ní ṣúgà àti èròjà amúnisánsán púpọ̀. Fún ooru ọ̀sán, ó dára. Fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbà Ṣáínà ń jẹ lábẹ́ òṣùpá, kì í ṣe òun.

Ti Chaoshan, ẹ rántí rẹ̀ fún kókò nìkan: kókò tí wọ́n fi ọ̀rá rò nínú èèpo tí wọ́n ká bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tó bá fẹ́ràn kókò kò ní kábàámọ̀. Zilaihong ti Beijing, tí wọ́n fi òróró yànmọ̀tí pò, tí ṣúgà líle sì wà nínú rẹ̀, le díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Beijing fúnra wọn ló ń rà á jù.

## Fún ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Èèpo Suzhou àti ti Chaoshan ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nínú bí ohun tó wà nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ òdòdó tàbí yànmọ̀tí. Wuren Guangdong lè ní itan ẹlẹ́dẹ̀ Jinhua nínú. Lára páálí, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni 猪油, itan rẹ̀ oníyọ̀ ni 火腿. Àwọn kan tún máa ń fọ́n ọtí sórí pupa ẹyin kí wọ́n tó yan án, torí náà lotus oníẹyin náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Àmì hàláàlì ní Ṣáínà ni 清真. Ní Malaysia, àmì JAKIM, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí hàláàlì, ni kí ẹ wò. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni lotus funfun tàbí ẹ̀wà pupa láìsí ẹyin, tó sì ní àmì hàláàlì.

Ẹni tó ń gbé e rìnrìn àjò: Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí arìnrìn-àjò kó ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọlé láti Ṣáínà, kéèkì oníẹran wà lára rẹ̀. Èyí tó ní ẹyin náà lè bá wàhálà pàdé ní Amẹ́ríkà. Ẹ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, tàbí kí ẹ gbé ẹ̀wà pupa lásán.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "kò sí ṣúgà" tan òun. Fúláwà, lotus àti òróró ṣì wà nínú rẹ̀, ohun adídùn tí wọ́n fi rọ́pò ṣúgà, bíi maltitol, sì máa ń yọ inú ẹlòmíràn lẹ́nu tó bá pọ̀. Odindi kéèkì oní-pupa-ẹyin méjì tó wọ̀n 185 gíráàmù súnmọ́ 800 kálórì, bí abọ́ ìrẹsì sísè mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n 200 gíráàmù.

## Bí a ṣe ń gé e, ohun tí a fi ń sìn ín

Kéèkì ńlá kan jẹ́ ti ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ẹ fi omi gbígbóná nu ọ̀bẹ kí ẹ tó gé e, ẹ tún nù ún lẹ́yìn gbogbo gígé, pupa ẹyin kò ní fa kọjá lára lotus. Tó bá jẹ́ ẹyin méjì, kí gígé àkọ́kọ́ gba àárín ẹyin méjèèjì kọjá, kí ìkejì dábùú rẹ̀. Ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ní ìlàjì ẹyin kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pín ìdá kọ̀ọ̀kan sí méjì.

Tíì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Pu'er dúdú ló bá lotus oníẹyin mu jù, nítorí ó ń fọ ọ̀rá kúrò lẹ́nu. Tieguanyin dára fún ẹ̀wà pupa àti kọ́sítáàdì. Kí wọ́n má ní ṣúgà rárá. Tíì tí a ń fi mílíìkì àti ṣúgà pò nílé wa kò bá a lọ. Dídùn lórí dídùn ni. Bí ẹ kò bá rí ti Ṣáínà, tíì Lipton lásán, kó ki, láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó tó.

## Rírà àti ṣíṣe nílé

Guangdong kékeré nìkan ni a gbà yín níyànjú láti gbìyànjú nílé. Fún ogún kéèkì oní-50 gíráàmù: fúláwà 150 gíráàmù, omi ṣúgà kíki 110, òróró ẹ̀pà 40, omi alikálì 3. Golden syrup tó wà káàkiri Bìrìtìkó ṣeé lò dípò omi ṣúgà. Ẹ má fi kánún ọjà dípò omi alikálì, torí a kò lè mọ bí ó ṣe le tó tàbí ohun tó lú mọ́ ọn. Ẹ po omi ṣúgà, alikálì àti òróró pọ̀ títí wọ́n fi dọ́gba kí ẹ tó da fúláwà sí i, ẹ má pò ó jù, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí méjì. Èèpo 15 gíráàmù, inú 35: pupa ẹyin bí 12, lotus bí 23. Ẹ fọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sórí rẹ̀, ẹ yan án ní 200°C fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e jáde kó tutù díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun pupa ẹyin tín-ín-rín sórí rẹ̀, ẹ dá a padà sí 175°C fún ìṣẹ́jú 12 sí 15.

Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá wú síta, omi ṣúgà pọ̀ jù tàbí lotus rọ̀ jù. Bí àwòrán orí rẹ̀ bá parẹ́, ẹyin tí ẹ kùn ún nípọn jù ni. Èèpo tó ṣú, tó sì korò, alikálì ti pọ̀ jù. Èyí tó sán, ó ti pẹ́ jù nínú ààrò tàbí ẹ gbàgbé láti fọ́n omi. Bí èèpo bá ya kúrò lára inú rẹ̀, fúláwà tí ẹ fọ́n sí ọwọ́ ló pọ̀ jù. Bí ó bá ṣì le lọ́jọ́ kẹrin, omi ṣúgà yín kò ki tó, kò sí àtúnṣe.

Ẹ tọ́jú ti ilé síbi tó tutù nínú ike tó dé dáadáa. Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́rin níbi tí ooru bá ti mú. Firíìjì máa ń mú kí èèpo le; bí ẹ bá ní láti fi síbẹ̀, ẹ yọ ọ́ síta fún wákàtí kan kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ti inú páálí lè pẹ́ ju oṣù kan lọ nítorí àpò kékeré tó ń fa ọ́síjìn inú náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Ìyẹ̀fun irin ló wà nínú àpò náà. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọdé.

## Àpótí, owó, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ rà

Ẹ fi ojú fo àpótí, ẹ wo ìwọ̀n. Àpótí onímẹ́rin ti Hong Kong sábà máa ń wọ̀n bí 740 gíráàmù; ẹ fi ìwọ̀n náà pín owó rẹ̀. Páálí ńlá tí ife tíì àti ṣíbí wúrà kún inú rẹ̀ lè má ní ju 400 gíráàmù kéèkì lọ. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ débi pé ní 2022, ìjọba Ṣáínà pàṣẹ pé ìpele ìdì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, wọ́n sì ní àwọn máa ṣọ́ àpótí tó bá ju 500 yuan lọ.

Fún ẹ̀bùn, ẹ rà á ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún, nígbà tí ẹ ṣì lè yan ohun tó wà nínú rẹ̀. Fún ara yín, ẹ dúró. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà á ti dín owó rẹ̀ kù, torí kò sí ẹni tó ń fi kéèkì òṣùpá tọrọ ojúrere mọ́. Lotus àti ẹ̀wà pupa Guangdong tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe àdánù nígbà yẹn. Wuren náà, tí ẹ bá ti fi imú gbọ́ ọ. Kọ́sítáàdì àti bingpi tí wọ́n bá ń ta ní ìlàjì owó, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.